Ọjọ́ Tí Gbogbo Alábòójútó Pàjáwìrì Kúrò Nílé

Gèlè mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo wà lórí pèpéle níwájú alábòójútó pàjáwìrì méjìlélọ́gbọ̀n, èmi ni mo ṣe ìkẹtàlélọ́gbọ̀n wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìlú tirẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Odò-Ẹlẹ́wà. Mo ń ka ìròyìn iná tó ń jó ọjà kan tí kò sí níbì kankan láyé. Ìdánrawò ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo pa èèyàn mẹ́rin sínú iná náà, èmi náà ni mo sì jí ẹnì kan dìde, torí Alága ẹgbẹ́ wa ní òkú mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ìpàdé ọdọọdún tí àlejò máa wá. Gbogbo ẹgbẹ́ ń kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sórí tábìlì wọn, àga tí wọ́n jókòó lé ń ka bí àyà wọn ṣe ń lù, kó lè gún ẹni tó bá sùn nídìí. Gèlè mi sì ń gbọ̀n.

Fóònù ló wà nínú rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà sì ti gba ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kì í yẹ gèlè wò mọ́. Lọ́dún tó kọjá ó tú gèlè ìyàwó èèyàn pàtàkì kan síta níwájú kámẹ́rà, láti ìgbà náà ni wọ́n ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ìtẹríba.

"Iná ti dé ìsọ̀ àwọn alápatà," mo wí fún gbọ̀ngàn. "Ẹ ní ìṣẹ́jú méjì láti sọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbé jáde."

Mo yí ẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tó ń mu omi, mo fi ìka tẹ fóònù níbi etí. Ohùn ìyá ọkọ mi wọlé.

"Ìyàwó, omi ti bo àmì pupa."

Kí ẹ̀rọ Aṣọ́lé tó dé, ìyá ọkọ mi ni ìlú Àbàtà-Olú ń sanwó fún láti máa ka òpó ìwọnmi tó dúró láàárín odò. Ìyá Olópòó ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tí Aṣọ́lé gba ìṣọ́ gbogbo odò àti dáàmù ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n fún ìyá ní agbòjò kan, wọ́n ní ó ṣeun. Ó gba agbòjò náà, ó sì ń fi í bo orí lọ sí ìdí òpó ní àràárọ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

"Màámi," mo rọra sọ, "ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ní oṣù kẹta, ìyá yìí kan náà ló pè mí pé omi ti bo àmì pupa. Mo fun fèrè ìkìlọ̀ ìlú, Ilẹ̀kùn Òkè, ẹnu ọ̀nà ibi ìsádi lórí òkè, ṣí, ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn sá gun òkè pẹ̀lú ìkòkò lórí. Omi ò kún. Apẹja kan ló so ọkọ̀ mọ́ òpó, tí ọkọ̀ fà á wọlẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó tún pè mí. A tún sá. Ìyá ò wọ gíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ìkìlọ̀ òfo méjì rèé. Ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan, wọ́n máa yọ ìlú náà kúrò lórí ìlà. Wọ́n á tú fèrè rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n á fi símẹ́ǹtì dí Ilẹ̀kùn Òkè, Aṣọ́lé ò sì ní bá ìlú náà sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n ti yọ Ìdí-Ọ̀mọ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí omi tiwọn dé, kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Orúkọ Ìdí-Ọ̀mọ̀ ṣì wà lórí máàpù ọ́fíìsì wa, àwọ̀ omi ni wọ́n kàn fi kun ibẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ wọ gíláàsì?"

"Mo wọ̀ ọ́. Mo wọ méjì léra wọn. Gbọ́ mi dáadáa. Omi ọ̀hún pọ́n bí epo. Ewéko tó ń ṣàn kọjá, tẹ̀yìn dáàmù lọ́hùn-ún ni, mo mọ ewé ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, omi wà níbi orúnkún òpó. Mo jẹ àkàrà méjì tán, ó dé àyà."

"Bóyá ọkọ̀ kan ló tún—"

"Kò sí ọkọ̀ lórí omi! Àwọn apẹja ti gbé ọkọ̀ wọn sá. Ìbídùnní, odò ń dún nísàlẹ̀, bí ẹní ń lọ ata. Mo ti ka odò yìí fún ogójì ọdún, n kò gbọ́ irú ohùn yìí rí."

Kì í pe orúkọ mi. "Ìyàwó" ló máa ń pè mí, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù.

Ìkéolú, ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn létí odò. Lápá ìsàlẹ̀.

Mo gbójú sókè wo ògiri. Gbogbo ògiri gbọ̀ngàn wa, Aṣọ́lé ni. Orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n ń tàn lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà omi, nọ́ńbà iná àti nọ́ńbà afẹ́fẹ́. Mo wá tiwa rí. *Àbàtà-Olú: omi, mítà méjì. Àlàáfíà.* Mo mí kanlẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ìyá pé kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi.

Àfi bí mo ṣe rántí pé èmi ni mo kọ àlàáfíà yẹn.

Gbogbo nọ́ńbà tó wà lára ògiri, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n ti wọ inú ìdánrawò. Ohun tí báàjì tó so wá mọ́ Aṣọ́lé ń rí, eré ni. Bí a bá fun fèrè, inú gbọ̀ngàn yìí nìkan ló ti máa dún. Omi tòótọ́ wà níbi tó wà, kò sì sí alábòójútó kan ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó lè rí i, torí gbogbo wa la wà níbí, tí à ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe alábòójútó.

A ò sì lè jáde nínú ìdánrawò náà kí aago mẹ́rin tó lù. Ìdí ni pé lọ́dún tó kọjá, ìdánrawò ìkún-omi ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òórùn ìrẹsì wọlé, àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bá pa ìkún-omi tì, wọ́n lọ tò sídìí ìkòkò. Ojú tì wá. Ẹnì kan dìde, ó ní kí a fi àgádágodo sí i, kó má lè ṣeé dá dúró, bó ti wù kó rí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni ẹni náà.

"Akọ̀wé!" Òjẹ́lábí ló ké láti ìlà kejì. Alábòójútó Òkè-Pákó ni, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi; láti ìgbà tí mo ti gba ipò akọ̀wé ìdánrawò mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ti ń wá ibi tí mo ti máa ṣubú. "Iná ń jó àwọn alápatà, ìwọ ń mumi! Ṣé kí a máa sun wọ́n jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí wọn.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́. Dáàmù Òkè-Ẹ̀lú ti ń tú omi sílẹ̀. Omi ti ń kún Àbàtà-Olú." Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Eléyìí kì í ṣe ìdánrawò!"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Wọn ò ṣẹ̀. Gbólóhùn yẹn wà nínú gbogbo ìdánrawò tí mo ti kọ láti ọdún mẹ́fà. Apá kejì, ìlà kìíní: akọ̀wé máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á pariwo pé kì í ṣe ìdánrawò, kí àyà wọn lè já. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe tíátà kiri ìpínlẹ̀ yìí kí n tó gba báàjì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń já àyà èèyàn.

"Ó dára!" ni Òjẹ́lábí wí, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Iná lápá kan, omi lápá kan! Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni!"

Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbé nọ́ńbà wọn sókè. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Ẹnì kẹta fún mi ní méje, ó ní ojú mi ò tíì fi ẹ̀rù hàn tó.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ìyá ọkọ mi wà létí odò báyìí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀!"

"Ìyá Olópòó?" ẹnì kan bi mí láti ẹ̀yìn. "Èyí tó ń ka òpó láìwọ gíláàsì?"

Ẹ̀rín tún bú. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, ni adájọ́ kẹta bá pa méje rẹ̀ dà sí mẹ́jọ.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Alága. Alága Oyèwùsì ti pé ọdún méjìdínlógún lórí ẹgbẹ́. Òun ló kọ́ púpọ̀ nínú wa ní iṣẹ́, òun náà ló ń bẹ ìjọba fún wa tí ìlú wa bá ní ìkìlọ̀ òfo. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ etí sí mi.

"Sà, omi tòótọ́ ni. Ẹ bá mi tú ìdánrawò yìí ká."

"Ìbídùnní, o mọ̀ pé kò ṣeé tú. Ìwọ lo ní ká má lè tú u."

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé nígbà náà."

"Wákàtí mẹ́ta ni Àbàtà-Olú sí ibí." Ó wò mí lójú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó dá ọ lójú? Ìyá yẹn ti tàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ òfo lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi bá ìlú rẹ bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ká sòótọ́, kò dá mi lójú. Ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì méjì léra wọn ni gbogbo ẹ̀rí tí mo ní. Bí mo bá dákẹ́ tí òdodo bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn máa bá omi lọ, ọmọ mi yóò sì wà nínú wọn. Bí mo bá pariwo tó bá jẹ́ àṣìṣe, mo ti fi ọwọ́ ara mi kun ìlú wa ní àwọ̀ omi lórí máàpù. Mo gbọ́ mímí ìyá ní etí mi. Ó ń dúró dè mí.

"Màámi, ibo ló dé?"

"Ọrùn," ni ó wí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà tí ẹni kankan ò lè ṣe nínú eré. Báàjì wa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ há mọ́ aṣọ. Abẹ́ awọ ló wà, lókè àyà lápá òsì, ó tó èkùrọ́, ọjọ́ tí a búra ni wọ́n ń rì í síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni egbò rẹ̀ fi ń san. Bí a bá yọ ọ́, ó kú nìyẹn, wọn kì í sì í fi òmíràn sí ara ẹni náà mọ́. Ìlú rẹ̀ di ìlú tí kò ní alábòójútó. Òfin ìdánrawò, ìpín kẹsàn-án, tí èmi yìí náà kọ, sọ pé ìlú tí kò ní alábòójútó kò sí nínú ìdánrawò.

Lórí tábìlì Alága, síṣọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n fẹ́ fi gé ríbọ́nì yàrá ìkàwé tuntun lọ́sàn-án. Mo mú un.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Alága bèèrè.

Mi ò ní sọ bó ṣe rí lára mi. Mo pariwo, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, adájọ́ kẹta sì fún mi ní mẹ́wàá. Báàjì bọ́ sílẹ̀, ó tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan lórí táìsì, ó sì kú.

Ògiri ṣẹ́jú. Orúkọ ìlú méjìlélọ́gbọ̀n dúró bí wọ́n ṣe wà. Tiwa di pupa, ohùn Aṣọ́lé sì jáde, ohùn obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í bínú sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàárọ̀ o. Àbàtà-Olú kò ní alábòójútó. Omi odò, mítà mẹ́fà ààbọ̀. Ara dáàmù Òkè-Ẹ̀lú ti là. Àkókò tó kù kí ó ya: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Mo ti ń sọ èyí ní ọ́fíìsì yín láti aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ ṣeun."

Gbogbo ilé ń wo ògiri.

Ni Òjẹ́lábí bá fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omijé ẹ̀rín lójú rẹ̀. "Obìnrin yìí burú! Ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀! Ó tiẹ̀ kọ 'ẹ ṣeun'!"

Gbogbo ilé dìde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń pe orúkọ mi. Mo dúró láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ inú bùbá mi, mo sì rò ó nínú ọkàn mi pé mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ ìlú mi sọnù, kò sì sí ẹni tó máa gbà mí gbọ́ láyé yìí. Ìlú tí kò ní alábòójútó kò lè fun fèrè fúnra rẹ̀. Àfi kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta dúró fún un, kí wọ́n fi ohùn ara wọn sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ òfo, ìlú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa kà á sí lọ́rùn.

Àlájà Múníbátù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Alábòójútó Ìsàlẹ̀-Kòtò ni, nọ́ọ̀sì ni kó tó gba báàjì, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ ti fèrèsé. Ó fi ìka méjì kan àyà mi, ó fi ìka náà gbo ara wọn, ó gbé e sí imú.

"Ẹ dákẹ́!" Mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn yẹn. "Ẹ̀jẹ̀ ni! Ọ̀dà kọ́! Ẹ wá wo inú ihò yìí, ẹ̀yin aṣiwèrè! Báàjì ọmọbìnrin yìí ti kúrò lára rẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Adájọ́ kẹta rọra da mẹ́wàá rẹ̀ dojú bolẹ̀.

Àlájà fọwọ́ kan àyà tirẹ̀. "Èmi Múníbátù, mo dúró fún Àbàtà-Olú."

"Mo gbọ́ ohùn kan," ni Aṣọ́lé wí.

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù tí mo ti ń wá fún ọdún mẹ́fà pẹ̀lú ìwé àti ariwo, òun ló wá jókòó sójú wọn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìlú tiwọn ni. Ẹlòmíràn ń wo bàtà. Ẹlòmíràn ń ka tábìlì bí ẹni pé ìdánwò ṣì ń lọ.

Òjẹ́lábí ṣì dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínà bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Ó wo ilẹ̀ níbi tí báàjì mi wà.

"Ìkìlọ̀ òfo kan ti wà lọ́rùn Òkè-Pákó," ni ó wí. Kò pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ tí kò pariwo nìyẹn. "Akọ̀wé, bó o bá ń ṣeré, mo máa pa ọ́."

"Ẹ máa pa mí, sà."

"Èmi Òjẹ́lábí, mo dúró fún Àbàtà-Olú. Kí Ọlọ́run gbà mí."

"Mo gbọ́ ohùn méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì."

Alága dìde. Ìlú tirẹ̀ ni olú-ìlú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. "Èmi Oyèwùsì, mo dúró fún... mo dúró fún..." Ọkùnrin tó ti kọ́ gbogbo wa ní ìfarabalẹ̀ gbàgbé orúkọ ìlú tó fẹ́ gbà là. Mo sọ ọ́ fún un létí. Ó tún un wí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

"Mo gbọ́ ohùn mẹ́ta," ni Aṣọ́lé wí. "Fèrè ti ń dún ní Àbàtà-Olú. Ilẹ̀kùn Òkè ti ṣí."

Mo gbọ́ fèrè náà nínú fóònù. Ó dún láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ohùn ìyá, bí ẹranko tí wọ́n ń tì síta. Mo jókòó sílẹ̀.

"Màámi, ṣé wọ́n ń sá?"

"Wọn ò sá."

"Báwo?"

"Ṣàkìrù télọ̀ gbé àga síta. Àwọn tọkọtaya ìdí ẹ̀rọ ọ̀gì ń juwọ́ sí mi. Wọ́n ní ìdánrawò yín ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́ yín fi ìwé ránṣẹ́ láàárọ̀, pé bí wọ́n bá gbọ́ fèrè lónìí, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu."

Mo tún ọ̀rọ̀ náà wí fún Alága. Òun ló fọwọ́ sí ìwé náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Aṣọ́lé!" mo kígbe. "Mo fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kò mọ̀ yín."

Dájúdájú. Mi ò ní báàjì. Ẹni tó bá dúró fún ìlú ló lè bá a sọ̀rọ̀. Òjẹ́lábí ti ń já bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. "Báàjì mi rèé, ó ti ṣí. Sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí ò ń wí, wọ́n á gbọ́ ọ."

Báyìí ni mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ alábòójútó pàjáwìrì ìpínlẹ̀, tí mo gbé ẹnu lé irun àyà ọkùnrin tí mo kórìíra jù. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Mo la ẹnu. Gbogbo ohùn tí tíátà fún mi, èyí tó ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìlo ẹ̀rọ, ti lọ. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Èmi ni. Ìyá Ìkéolú ni. Ṣàkìrù, dìde lórí àga yẹn. Dìde! Mi ò ṣeré. Dáàmù ti là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ọ̀gì, ẹ fi ọ̀gì sílẹ̀. Tíṣà Adéoyè, kó àwọn ọmọ jáde, má jẹ́ kí wọ́n kó báàgì, ọmọ mi wà láàárín wọn, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo ti yọ báàjì mi. Mi ò ní ṣe alábòójútó yín mọ́. Ìkéolú, bí o bá ń gbọ́ mi, sáré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sáré. Ẹ sáré. Ẹ sáré."

Mo ń wí i lọ títí Àlájà fi gbá èjìká mi mú.

"Ṣàkìrù ti dìde," ni ìyá wí nínú etí mi. "Ó ti ju àga nù. Yéè, ó sanra, ṣùgbọ́n ó ń sáré! Wọ́n ti rí i. Wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ọmọlẹ́yìn pọ̀ lẹ́yìn télọ̀ lónìí."

Lára ògiri, Ilẹ̀kùn Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń wọlé. Ogójì. Ọ̀ọ́dúnrún. Gbogbo wa dúró lábẹ́ nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú ẹnu yíyà. Ẹgbẹ̀rún méjì. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ìlà kékeré kan jáde nísàlẹ̀: *Ilé-ẹ̀kọ́ Etí-Odò: ọmọ igba ó lé mẹ́rìnlá. Wọ́n pé.* Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè sunkún.

"Màámi, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi wà nídìí òpó. Ta ló máa sọ ibi tí omi dé fún yín?"

"Ògiri ń sọ ọ́! Ẹ máa bọ̀ lókè!"

"Orúnkún mi ò gba òkè, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ariwo ọkùnrin, mo gbọ́ irin tó ń dún gbàgà, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ta nìyẹn? Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Inú bárò? Èmi, nínú bárò símẹ́ǹtì? Ṣàkìrù, ìwọ lo tún padà wá? O ò níláárí! Agbòjò mi! Ẹ padà lọ mú agbòjò mi!"

Ó ń bú wọn títí bárò fi gbé e jìnnà sí ohun tí mo lè gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà nǹkan kan dún nínú fóònù tí mi ò lè fi wé ohunkóhun, ó sì gùn. Ìlà já.

Nọ́ńbà Ilẹ̀kùn Òkè dúró sí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ó lé ẹgbẹ̀rin àti mẹ́fà, ilẹ̀kùn sì tì. A jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá ó lé díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá bárò kan wà lára àwọn tó wọlé. Lójú ògiri, níbi tí mítà omi wa ti wà, òfìfo ló kù. Òpó tuntun tí Aṣọ́lé fi ń wọn omi náà ti bá omi lọ.

"Ó parí," ni Alága wí. Ó jókòó. "Ó ti kọjá."

"Kò kọjá," ni Àlájà Múníbátù wí.

Ó ń wo ògiri. A bá a wò ó. Ní ìsàlẹ̀ Àbàtà-Olú, lójú odò kan náà, ibi tí gbogbo omi yẹn ń lọ báyìí, orúkọ ìlú tirẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. *Ìsàlẹ̀-Kòtò: omi, mítà méjì. Àlàáfíà.* Àlàáfíà tí èmi kọ. Ọ́fíìsì rẹ̀ ń pariwo síbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn.

"Wákàtí kan ni omi fi ń ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa," ni ó wí.

Kò sí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni. Òjẹ́lábí ló kọ́kọ́ kúrò láàyè rẹ̀, ó wá dúró tì wá pẹ̀lú àyà rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan láti òkè àríwá, tó ti ń ka tábìlì látẹ̀ẹ̀kan, dìde, ó wá. Obìnrin kan tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ọwọ́ kan àyà wọn, wọ́n ń retí kí báàjì Àlájà kúrò kí wọ́n lè dúró fún Ìsàlẹ̀-Kòtò.

Àlájà bọ́ ìborùn, ó ká a, ó fi í sẹ́nu láàárín eyín. Ó tún yọ ọ́ jáde láti sọ̀rọ̀. Síṣọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì gbẹ lára rẹ̀.

"Má wo ojú mi," ni ó wí. "Gé e."